Bọ́tìnì Ọ̀fọ̀ Àyà Gerardo

“Ẹ pa géètì yẹn dé! Mo ní kí ẹ pa á dé kíá!”

Gerardo Scalzo, alága ìlú Torrescura ní gúúsù Italy, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú. Ẹni tó ń pariwo mọ́ kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, Nunziatina, tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di irin géètì mú. Nínú ọgbà lọ́hùn-ún, ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ń ti pósí ìyá wọn lọ lórí ọmọlanke. Fadá nìkan ló tẹ̀ lé wọn, ó ń gba àdúrà láti inú ìbòmú.

“Gerardo, jọ̀ọ́. Mi ò ní sún mọ́ pósí. Jẹ́ kí n ṣáà dúró lábẹ́ igi yẹn, kí n rí ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí.”

“Òfin ni òfin! Kónílé-ó-gbélé la wà, a ò ní kí ẹnikẹ́ni máa rìn kiri. Pasquale, kọ ìwé ìtanràn fún un. Irínwó yúrò!”

Pasquale, ọlọ́pàá ìlú, wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí etí rẹ̀ di. “Fún ẹ̀gbọ́n yín, Alága? Níbi ìsìnkú ìyá yín?”

“Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Kọ ọ́! Kò sẹ́ni tó ga ju òfin lọ nílùú yìí!”

Ìgbà yẹn ni Nunziatina tó rí Loredana, akọ̀wé Gerardo, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, tó na fóònù sókè, tó ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó tún rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni àbúrò òun ń yí àyà sí fóònù náà, kí bọ́tìnì dúdú tó wà ní àyà kóòtù rẹ̀ lè hàn dáadáa. Bọ́tìnì ọ̀fọ̀ ni, èyí tí ọkùnrin ìlú wọn máa ń fi sáyà tí òbí rẹ̀ bá kú. Nunziatina ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran án mọ́ ọn ní ọ̀sán àná.

Àwọn èèyàn kan wà láyé yìí tí omijé wọn kì í jáde àfi tí kámẹ́rà bá wà nítòsí. Ọ̀kan nínú wọn ni Gerardo, Ọlọ́run ló sì mọ ibi tó ti kọ́ ọ, torí ìyá tó bí i kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èyí kéré lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Mamma Filomena, ìyá wọn, ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Nunziatina kò lọ́kọ, ogún ọdún ló fi tọ́jú ìyá rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ó sì ń fi aṣọ rírán gbọ́ bùkátà àwọn méjèèjì. Gerardo máa ń yọjú lọ́jọ́ Àìkú. Yóò jẹ pásítà, yóò fi ẹnu ko ìyá lórí, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ornella, kì í dé ibẹ̀ rárá àfi tó bá ń wá nǹkan. Ohun tí Ornella sì ń wá ni ilé ìyá yẹn gan-an, ilé olókùúta tó wà lẹ́bàá gbàgede ìlú. Ó fẹ́ sọ ọ́ di ilé àlejò, kó máa gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń wá najú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní oṣù Mẹ́ta ọdún tí kòrónà dé, Ornella wà ní Milano ní àríwá, níbi tó ti lọ ra aṣọ. Lójijì ni ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ ti Milano pa. Ni gbogbo ará gúúsù tó wà níbẹ̀ bá sáré kó sínú ọkọ̀ ojú irin, Ornella sì wà láàárín wọn. Òfin ti wà nílẹ̀ pé ẹni tó bá ti àríwá dé gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn, kó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ta ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri Torrescura? Gerardo yìí kan náà ni! Òun ló sì lọ gbé ìyàwó rẹ̀ ní ibùdókọ̀, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé ilé ìyá Ornella létí òkun ni ìyàwó òun ti ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì tó dé ni Ornella wọ yàrá Mamma Filomena pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kò bo imú, kò bo ẹnu.

“Ìyàwó, ikọ́ wo lèyí?” Nunziatina bi í.

“Eruku ilé yín ni, Àǹtí. Ṣé ẹ kì í gbálẹ̀ ni?”

“Wọ́n ní Milano lo wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.”

“Èmi kẹ̀? Kí ojú mi fọ́ tí mo bá kúrò ní Calabria wa níbí láti ìgbà Kérésìmesì! Ilé ìyá mi ni mo wà. Àwọn èèyàn yín ń ṣòfófó.” Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ki bírò bọ ìyá lọ́wọ́. “Màmá, ẹ kàn fọwọ́ síbí fún mi.”

Mamma Filomena fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. “Ilé yìí, Nunziatina ló ni ín. Ẹni tó ń wẹ̀ mí ló máa jogún mi.”

Ornella rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó fi ẹnu ko ìyá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó sì jáde. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, èémí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Áńbúláǹsì gbé e lọ, wọn ò sì jẹ́ kí Nunziatina bá wọn wọlé. Ibi tí Nunziatina ti rí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn ni ẹ̀yìn gíláàsì mọ́tò, tí màmá ń fi ìka júwe sí i pé kó lọ wọ súwẹ́tà. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí oṣù Mẹ́ta parí, wọ́n pè é lórí fóònù pé ó ti tán.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Gerardo wá dúró sábẹ́ bákónì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò gòkè. Ó gbé ojú sókè pẹ̀lú omijé, kóòtù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ran bọ́tìnì ọ̀fọ̀ sí i. Ornella ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú. Ọmọkùnrin ò gbọdọ̀ sin ìyá rẹ̀ láìní bọ́tìnì láyà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Nunziatina sọ apẹ̀rẹ̀ tó fi ń gba búrẹ́dì kalẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó fa kóòtù náà sókè. Kò ní bọ́tìnì dúdú, ó gé etí ìbòrí dúdú ìyá rẹ̀, ó fi wé bọ́tìnì àtijọ́ kan. Ó wá òwú dúdú títí, kò rí. Kò sì lè lọ ra, torí Gerardo ti ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù olówùú pa pẹ̀lú gbogbo ṣọ́ọ̀bù yòókù. Òwú funfun tó fi ń ṣẹ́ etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá ló fi ran án, ó fi ṣe àgbélébùú kékeré sí àárín bọ́tìnì náà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ta ni yóò wò ó.

“Ọlọ́run á san án fún yín,” Gerardo wí nígbà tí kóòtù sọ̀ kalẹ̀. “Ní ọ̀la, ẹ máa wà níbẹ̀. Èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Mo máa ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dúró lábẹ́ igi.”

Ẹ ti gbọ́ bí ọ̀la ṣe rí. A ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́!

Fídíò géètì yẹn rin gbogbo Italy já. “Alága tó fi òfin mú ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀!” Àwọn oníròyìn ń pe Gerardo lórí fóònù láti Roma, àwọn èèyàn tí kò mọ Torrescura lójú àwòrán ń kọ̀wé sí i pé akọni ni. Oyin dé ẹnu rẹ̀, ó sì fẹ́ lá sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó síwájú fóònù Loredana, ó fọwọ́ kan bọ́tìnì, ó ní:

“Ó dùn mí láti sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń jáde kiri lásìkò tí mo ní kí onílé gbélé. Òun ló kó àrùn wọlé. Òun ló pa ìyá wa. Ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n, ẹ jókòó sílé yín!”

Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nunziatina jáde, ó sì jẹ́ pé ilé olóògùn ló lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Ẹ̀rù ń ba ìlú, ìlú tí ẹ̀rù ń bà sì máa ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan ti fi ọ̀dà pupa kọ APÀYÁ sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní Torrescura, wọn kì í dáná nílé tí òkú bá ti kú. Àwọn aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá, omi ẹran, pásítà, kọfí gbígbóná, wọn yóò jókòó ti ọlọ́fọ̀, wọn yóò bá a sunkún, wọn yóò sì rí i pé ó jẹun. Èyí ti wà kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n wọlé báyìí, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń gbé àwo sí ẹnu ọ̀nà ara wọn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń sá sẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà Nunziatina nìkan ni wọn ò gbé nǹkan kan sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, kò dáná, torí ó fẹ́ ṣe ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ń dúró kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Teresina tó ń gbé ní òdìkejì òpópó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ṣí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Apànìyàn! Bó o ṣe máa pa ìyá tèmi náà nìyẹn tí mo bá jẹ́ kó o wọlé mi!”

Ó sì ti fèrèsé gbàà. Láti ọjọ́ yẹn, omijé gbẹ lójú Nunziatina. Kò lè sunkún. Ẹni tí wọ́n ní ó pa òkú, ojú wo ló máa fi sunkún òkú? Nǹkan kan péré ló ń wá láyé mọ́: kí ìlú mọ̀ pé òun kọ́ ló pa ìyá òun. Kò bìkítà nípa ilé. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lára ilẹ̀kùn òun, kí wọ́n sì pa á rẹ́ lẹ́nu wọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n ṣí ìlú. Ornella bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lábẹ́ bákónì pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, ó ń wọn fèrèsé láti òde.

“Àǹtí, ẹ tètè wá ibi tẹ́ ẹ máa kó lọ o! Lọ́yà ti ń kọ lẹ́tà. Ẹni tó pa olóhun kì í jogún ohun!”

“Ìyàwó, Ọlọ́run ń wò wá.”

“Kó máa wò wá! Ṣebí òun náà ti rí i pé ẹ̀yin lẹ jáde?”

Nunziatina ti fèrèsé rẹ̀. Àṣegbé kan kò sí láyé, àṣepamọ́ ló wà, ohun tí wọ́n pa mọ́ náà sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fẹ́ dìbò alága. Ìbò ku ọjọ́ mẹ́fà, Gerardo sì ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí fọ́tò kan yọ sórí fóònù gbogbo ará ìlú láàárín wákàtí kan. Tábìlì gígùn lábẹ́ igi ólífì, ọ̀dọ́ àgùntàn lórí iná, ìgò wáìnì, èèyàn méjìlá láìbo imú, wọ́n fara mọ́ ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní àárín, Gerardo Scalzo, ife lọ́wọ́ kan, ìbàdí Loredana ní ọwọ́ kejì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Mọ́ńdè Àjíǹde, nígbà tí ẹ̀yin wà nínú ilé.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn, gbogbo ayé ló ń jáde lọ sun ẹran lóko lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde. Lọ́dún kòrónà nìkan ni wọn ò jáde. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni Gerardo wọ kóòtù, tó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ní ẹni tó bá dáná ẹran lóde, òun yóò jù ú sẹ́wọ̀n. Rocco tó ń yí àgùntàn lórí iná ló ya fọ́tò náà, ó sì pa á mọ́ láti ìgbà náà, torí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ láìjẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó ń bẹ̀rù kí Gerardo má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó rí i tí Gerardo fi àwòrán géètì itẹ́ òkú ṣe pósítà ìbò, ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, ó sì tú fọ́tò náà síta.

Ìlú gbóná! Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, gbàgede ìlú ti kún. Ẹlòmíràn gbé fọ́tò òkú rẹ̀ dání. Ìyá arúgbó kan gbé bàtà ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ìyẹn nìkan ni ilé ìwòsàn dá padà fún òun.

“Sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dàlẹ̀!”

“Ẹ̀ ń sin òkú wa bí ajá, ẹ̀ ń jẹ àgùntàn!”

“Ṣé ẹran náà jinná, Alága?”

Nunziatina náà wá. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn èèyàn sì fi àyè sílẹ̀ yí i ká bí wọ́n ti ń ṣe láti oṣù mẹ́fà. Rocco nìkan ló dúró tì í.

Gerardo jáde sórí bákónì ilé ìjọba ìlú. Kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀, bọ́tìnì ọ̀fọ̀ wà láyà rẹ̀, Ornella di apá rẹ̀ mú. Ojú Ornella le bí òkúta. Fọ́tò yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wọn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti fi ẹnu dídùn pẹ̀tù sí i nínú.

“Ẹ̀yin ará Torrescura!” Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Àwọn ọ̀tá mi lọ hú fọ́tò àtijọ́ jáde. Ọdún tó kọjá ni fọ́tò yìí! Mọ́ńdè Àjíǹde ọdún tó kọjá, kí kòrónà tó dé! Àbí èèyàn ò gbọdọ̀ jẹ àgùntàn nígbà tí ara dá gbogbo wa ni?”

“Irọ́ ni!”

“Irọ́ kẹ̀? Ìyàwó mi nìyí, ẹ bi í!”

“Ọdún tó kọjá ni,” Ornella wí sínú ẹ̀rọ náà. “Gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ló jẹun níbẹ̀. Lọ́dún yìí, ọ́fíìsì ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ̀yin abaramóorejẹ wọ̀nyí!”

Gerardo gbé ọwọ́ lé àyà. “Ẹ wo bọ́tìnì yìí! Mo sin ìyá mi láìsí ọmọ kan lẹ́yìn pósí rẹ̀. Mo fi òfin mú ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ọkàn ìyá mi tó wà lọ́run búra, tí mo bá bá ẹnikẹ́ni jẹun lọ́jọ́ tí mo ní kí ẹ jókòó sílé, kí Mamma má dárí jì mí láéláé!”

Ariwo rọlẹ̀. Níbẹ̀, èèyàn kì í dédé fi òkú ìyá búra. Àwọn kan ti ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹnìkan tiẹ̀ ní, “Bóyá lóòótọ́ ni o.”

Nunziatina kò wo ojú àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ tó wà láyà yẹn ló ń wò, àti nǹkan dúdú tó wà lábẹ́ ìka.

“Rocco,” ó wí jẹ́jẹ́, “fún mi ní fóònù ẹ. Jẹ́ kí fọ́tò yẹn tóbi. Àyà rẹ̀ ni kó o jẹ́ kí n rí. Tún jẹ́ kó tóbi sí i.”

Láàárín ife wáìnì àti ejìká Loredana, ohun dúdú kékeré kan yọ. Ní àárín ohun dúdú náà, funfun wà. Àgbélébùú.

Nunziatina gbé fóònù náà dání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síwájú. Àwọn tó ń sá fún un tẹ́lẹ̀ tún sá fún un, ọ̀nà sì là títí dé abẹ́ bákónì.

“Gerardo!”

“Ẹ má dá a lóhùn! Obìnrin tó pa ìyá…”

“Gerardo, ta ló kú fún ẹ lọ́dún tó kọjá?”

“Kí lò ń sọ?” Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀gbọ́n tó ń pè ní “ẹ̀yin” lábẹ́ bákónì nígbà tó ń wá abẹ́rẹ́, òun ló wá ń bá sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ lójú gbogbo ìlú.

“Mo ní ta ló kú fún ẹ lọ́dún tó kọjá, tó o fi fi bọ́tìnì ọ̀fọ̀ sáyà jẹ àgùntàn?”

Gbogbo ojú yí sókè sí bákónì.

“Bàbá wa ti kú láti ọdún mẹ́tàlélógún. Lọ́dún tó kọjá, Mamma wà láàyè, èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn! Ẹ wo fọ́tò yín, gbogbo yín, ẹ jẹ́ kó tóbi, ẹ wo àyà rẹ̀! Bọ́tìnì yẹn, èmi ni mo ran án. Etí ìbòrí Mamma ni mo gé fi wé e. Òwú dúdú ò sí, torí ìwọ Gerardo lo ti ṣọ́ọ̀bù olówùú pa! Òwú funfun ni mo fi ran án, àgbélébùú ló wà láàárín rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí mo ran án lo lé mi lẹ́nu géètì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà lo wọ̀ ọ́ lọ jẹ ẹran! Wo àyà ẹ! Kí ìlú bá ẹ wò ó!”

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri gbàgede. “Jésù! Ó wà níbẹ̀!” “Òwú funfun! Mo rí i!” Gerardo fi àtẹ́lẹwọ́ bo bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ pátápátá, ọwọ́ yẹn sì ni ó jẹ́wọ́ fún un.

“Ayédèrú ni! Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é!”

Ornella ló ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo àyà ọkọ rẹ̀, ó sì gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú òun.

“Òwú funfun,” ó wí. “Òwú funfun ni lóòótọ́. Gerardo, o ní ọ́fíìsì lo wà! O ní ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ torí iṣẹ́ ìlú! Ìwọ àti aṣẹ́wó Loredana yìí lẹ̀ ń di ara yín mú, èmi wà nílé, mò ń lọ aṣọ fún ẹ!”

“Ornella, dákẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ń gbóhùn.”

“Mi ò dákẹ́! Èmi tí mo gba irọ́ rù fún ẹ! Ṣé ìwọ kọ́ lo wá gbé mi ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo ti Milano dé? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n má fi ara mi hàn, kí n má bàa bà ẹ́ lórúkọ jẹ́? Mo ń wúkọ́ bí ewúrẹ́, o ní kí n ṣáà tètè gbé ìwé lọ fún màmá ẹ kó fọwọ́ sí i kí ikọ́ tó dá mi dùbúlẹ̀! Nígbà tí màmá ẹ kú, o ní a ti rí ẹni tí a máa di ẹ̀bi rù…”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lohùn, tó bá bọ́ kò ṣeé kó. Gbogbo Torrescura ti gbọ́ ọ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Pasquale ọlọ́pàá ló ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó yí padà sí Nunziatina, ó sì tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ, tí bàtà òkú ọkọ ìyá arúgbó yẹn fò lọ bá Gerardo níwájú orí, tó sì sá wọlé tó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lórí bákónì. Ìbò méjìdínlógún péré ló rí lọ́jọ́ Àìkú. Ilé ẹjọ́ pè é, ó pe Ornella náà. Ornella kó lọ sí ilé ìyá rẹ̀ létí òkun, ibi tó ti purọ́ pé òun wà tẹ́lẹ̀. Loredana ń bá alága tuntun ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ìdìbò ni Gerardo wá sábẹ́ bákónì. Kò ní mọ́tò mọ́, ẹsẹ̀ ló fi wá, ìlú ń wò ó láti ojú fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó wí. Ó ti rántí “ẹ̀yin” padà. “Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Ẹ bá mi bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, wọn ò ta búrẹ́dì fún mi.”

Nunziatina sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn.

“Bọ́ kóòtù yẹn. Fi í síbẹ̀.”

Ojú Gerardo là. Ó bọ́ ọ kíákíá, ó rò pé wọ́n fẹ́ tún un rán fún òun. Nunziatina fà á sókè, ó jókòó, ó mú síṣọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gé òwú funfun náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kóòtù sọ̀ kalẹ̀ padà, àyà rẹ̀ ṣófo.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ọ̀fọ̀ ìyá mi ò tíì pé ọdún!”

“Ìyá rẹ wo?” Nunziatina wí. “Máa lọ, Gerardo. Tèmi ni mò ń ṣọ̀fọ̀.”

Ó ti fèrèsé. Ó gbé bọ́tìnì náà lọ sí itẹ́ òkú, géètì sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ sàréè, ó rì í síbẹ̀. Kò sunkún. Ó dúró, ó dúró, omijé ò wá.

Nígbà tó padà délé, ẹnìkan ti ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Teresina ni. Ó wà lórí eékún, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí ọ̀dà tó ń fọ̀. Ìkòkò kan tí wọ́n fi aṣọ bò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru ń jáde lábẹ́ aṣọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé orígun òpópó, àwọn obìnrin àdúgbò tò pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, wọn ò lè gbójú sókè.

“Ó ti pẹ́,” Teresina wí, kò wo ojú rẹ̀. “Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Omi ẹran ni. Bí Mamma Filomena ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ni mo ṣe sè é.”

“Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, Teresina.”

“Mo mọ̀.”

“Mo ń gbọ́ bàtà ẹ lóde. Gbogbo ìgbà tó o bá kọjá, mo máa ń rò pé ọ̀dọ̀ mi lò ń bọ̀.”

Kànrìnkàn bọ́ lọ́wọ́ Teresina. Nunziatina bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò náà, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè wọlé. Ó gbé àwo méjì sórí tábìlì, ọ̀kan síwájú ara rẹ̀, ọ̀kan síwájú àga ìyá. Àwọn obìnrin náà jókòó yí i ká. Ó fi ṣíbí bu omi ẹran náà sẹ́nu, ó gbé e mì, ó gbóná. Ìgbà yẹn ni ẹkún dé.